Ooru àti Iná Nínú Sákíìtì Kan Náà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí MOSFET

Ẹ̀yin tí ẹ ń to inverter, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ amplifier, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ iná mànàmáná, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Ohun kan ni gbogbo ìbéèrè ibí yìí dá lé: bí a ṣe lè mú kí kọ̀ǹpútà ṣírò iná àti ooru transistor pa pọ̀, kí ọ̀kan má ṣe dá lọ láìmọ ohun tó ń ṣe èkejì. MOSFET ni transistor tí mò ń sọ: fólítéèjì tí a fún ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ gate ló ń ṣí ọ̀nà fún kọ́rẹ́ǹtì láti drain sí source. IRF3205 ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí ó wọ́pọ̀ gan-an nínú inverter bátìrì 12 V tí àwọn oníṣẹ́ wa ń tò.

Sákíìtì mi ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà. Kí ló dé tí MOSFET fi jó nígbà tí mo tò ó?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ò bi kọ̀ǹpútà nípa ooru rárá. SPICE, software tí a fi ń ṣírò sákíìtì, tí LTspice àti ngspice ti ṣẹ̀ wá, jáde ní Yunifásítì California ní Berkeley lọ́dún 1973. Sákíìtì kéékèèké ni wọ́n ń fi ṣírò nígbà náà, ìwọ̀n ìgbóná kan ṣoṣo ni wọ́n sì fún gbogbo sákíìtì. Bí ẹ ò bá sọ nǹkan kan, 27 °C ni SPICE máa lò, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí ìṣirò fi máa parí. Àṣẹ .temp lè sọ ọ́ di 100 °C, ṣùgbọ́n 100 náà ló máa wà, ì báà jẹ́ 1 A ló ń kọjá, ì báà jẹ́ 100 A.

MOSFET gidi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́rẹ́ǹtì tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ń mú un gbóná. Bó ṣe ń gbóná ni resistance rẹ̀ ń ga. Bí resistance ṣe ń ga ni wáàtì tó ń di ooru ń pọ̀ sí i, ooru yẹn yóò sì tún mú resistance ga. Ìyípo yìí ni ìdánwò lásán kì í rí, òun ló sì ń jó transistor.

Ṣé ìyàtọ̀ náà pọ̀ tó ohun tí èèyàn ń dààmú lé lórí?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ́. Datasheet IRF3205, ìwé tí ilé iṣẹ́ fi ṣàpèjúwe rẹ̀, sọ pé RDS(on) rẹ̀, ìyẹn resistance láti drain sí source nígbà tó bá ṣí tán, kò ju 8 milliohm lọ ní 25 °C. Ó sọ pé láti junction, ìyẹn inú silicon níbi tí ooru ti ń wá, dé irin ẹ̀yìn rẹ̀, ooru máa ń fi 0.75 °C ga fún wáàtì kọ̀ọ̀kan. Ó tún sọ pé junction kò gbọdọ̀ ju 175 °C lọ. Ká ní 25 A ń gba inú rẹ̀ kọjá láìdáwọ́ dúró. Ká ní máíkà àti ìpara funfun tó wà láàárín òun àti heatsink, irin tó ń tú ooru dànù, jẹ́ 1.25 °C/W, tí ìpín tirẹ̀ nínú heatsink sì jẹ́ 10 °C/W. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12 °C/W. Afẹ́fẹ́ inú àpótí inverter wà ní 40 °C.

Ẹni tó bá fi 8 milliohm ṣírò lásán á rí 5 W. 5 lọ́nà 12 jẹ́ 60, a fi 40 kún un, ó di 100 °C. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká fi ìyípo yẹn sí i. MOSFET silicon onífólítéèjì kékeré máa ń fi nǹkan bí 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún ga ní resistance fún dígírì kọ̀ọ̀kan; ẹ jẹ́ ká mú ìyẹn. Ìgbóná á mú wáàtì pọ̀, wáàtì á mú ìgbóná pọ̀, títí wọn yóò fi rí ibi kan dúró sí. Ibẹ̀ ni nǹkan bí 154 °C, wáàtì náà á sì ti di 9.5. Kì í ṣe 100 °C, kì í ṣe 5 W.

Ẹ fi 2 A péré kún un. Ní 27 A, ìṣirò kan náà máa gbé junction dé nǹkan bí 192 °C, ó ti kọjá ààlà. Bí kọ́rẹ́ǹtì bá sì ju 38 A lọ díẹ̀, kò ní sí ibi tí ìṣirò náà ti máa dúró mọ́. Ìgbóná á kàn máa gun òkè ni. Bẹ́ẹ̀, 110 A ni wọ́n kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ datasheet. Nọ́ńbà yẹn wà fún ìgbà tí irin ẹ̀yìn transistor bá wà ní 25 °C gan-an, èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀ nínú inverter tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń rọ àwọn tó ń tò ó pé kí wọ́n má ṣe fi ojú ewé àkọ́kọ́ yan transistor.

Ẹ má gbàgbé pé ooru ìgbà tí transistor bá wà ní títàn nìkan la ṣírò. Ooru tí títàn àti pípa rẹ̀ ń fà kò tíì sí nínú rẹ̀.

Báwo ni ooru ṣe máa wọ inú software tó jẹ́ ti iná?

Ìṣirò ìṣàn ooru àti ti ìṣàn iná jọ ara wọn délẹ̀délẹ̀. Ìwọ̀n ìgbóná dúró fún fólítéèjì: 1 V jẹ́ 1 °C. Wáàtì ooru dúró fún kọ́rẹ́ǹtì: 1 A jẹ́ 1 W. Ìdènà ooru, tí à ń kọ ní °C/W, dúró fún rèsísítọ̀. Agbára tí nǹkan fi ń gba ooru pa mọ́, tí à ń kọ ní joule fún dígírì, dúró fún kapásítọ̀. Afẹ́fẹ́ àyíká dúró fún bátìrì: bí inú àpótí bá jẹ́ 40 °C, ẹ fi orísun 40 V síbẹ̀.

Software kò mọ̀ pé ooru lẹ fún un, kò sì nílò láti mọ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí apá iná àti apá ooru wà nínú fáìlì kan náà, kí wọ́n máa ráńṣẹ́ síra wọn: apá iná ń fi wáàtì ránṣẹ́, apá ooru ń fi ìwọ̀n ìgbóná dá a lóhùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè dán an wò.

Èyí ni àpẹẹrẹ òkè yẹn bí LTspice ṣe máa gbà á. Ẹ fi pamọ́ sínú fáìlì .cir:

* IRF3205, iná àti ooru
I1 0 a 25
Vid a d 0
Rds d 0 R=8m*(1+0.007*(V(tj)-25))
Bp 0 tj I=V(d)*I(Vid)
Rjc tj tc 0.75
Cj tj 0 15m
Rcs tc th 1.25
Cc tc 0 1
Rha th ta 10
Ch th 0 50
Vamb ta 0 40
.ic V(tj)=40 V(tc)=40 V(th)=40
.tran 0 5000 0 1 uic
.end

Bp ló ń gbé wáàtì lọ sí ọ̀dọ̀ junction, ìyẹn tj. Rds ló ń wo tj kó tó mọ iye tó yẹ kó jẹ́. Ẹ ya àwòrán V(tj), ẹ máa rí i bó ṣe ń gun láti 40 títí á fi dúró nítòsí 154. Ẹ sọ 25 di 27, ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ìyípo náà nípa sísọ 0.007 di 0, ẹ ó sì rí 100 °C tó ń tanni yẹn.

Vid jẹ́ orísun 0 V tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó ka kọ́rẹ́ǹtì lọ. LTspice lè ka kọ́rẹ́ǹtì láti ara MOSFET fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ orísun 0 V nínú ìyípo bí èyí, torí orísun B, ìyẹn orísun tí a fi ìṣirò sọ iye rẹ̀ bíi Bp, kì í bá àwọn ẹ̀yà yòókù lọ lójú ẹsẹ̀ kan náà tó bá jẹ́ láti ara wọn ló ti ń ka kọ́rẹ́ǹtì.

MOSFET tí ilé iṣẹ́ fún mi ní model rẹ̀, ìyẹn àpèjúwe rẹ̀ fún software, ńkọ́? Kì í ṣe rèsísítọ̀ lásán.

Ẹ jẹ́ kí model náà wà ní 27 °C rẹ̀, kí ẹ wá fi ìyàtọ̀ kún un láti ìta. Fún RDS(on), ẹ to orísun B kan mọ́ drain, fólítéèjì rẹ̀ á jẹ́ kọ́rẹ́ǹtì lọ́nà 8 milliohm lọ́nà 0.007 lọ́nà (V(tj)-27). Orísun ni kí ẹ lò níbẹ̀, ẹ má lo rèsísítọ̀, torí bí tj bá jẹ́ 27 gẹ́lẹ́, rèsísítọ̀ náà á di òdo, software á sì kọ̀ ọ́. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má ka ìyàtọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì: bí model bá ti ní ìgbóná nínú tẹ́lẹ̀, tí ẹ sì tún lo .temp, ẹ ti ṣe àṣejù.

Fólítéèjì tí gate fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí náà máa ń lọ sílẹ̀ bí ìgbóná bá ń ga, ní mílífólìtì díẹ̀ fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Orísun kékeré tí ẹ tò mọ́ gate, tó ń wo V(tj), ló máa ṣe ìyẹn. Nínú inverter tó ń tàn tó ń pa, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Nínú amplifier, òun gan-an ni ọ̀rọ̀, a máa dé ibẹ̀.

Kí ni Foster, kí ni Cauer, èwo ni kí n lò?

Ọ̀nà méjì tí a fi ń to R àti C ooru ni. Ìbéèrè yìí ló ń da àwọn èèyàn láàmú jù, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ sí i.

Nínú datasheet, àwòrán kan wà tó ń fi hàn bí ìdènà ooru ṣe ń dàgbà bí àkókò ṣe ń lọ, láti ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá dé ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Zth ni wọ́n ń pè é. Foster ló rọrùn láti fà yọ látinú àwòrán yìí. R kan àti C kan máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á sì to irú méjì-méjì bẹ́ẹ̀ tẹ̀ léra:

Zth(t) = R1(1 − e^(−t/τ1)) + R2(1 − e^(−t/τ2)) + …

τ ni àkókò tó ń sọ bí R àti C kọ̀ọ̀kan ṣe ń yára gbóná tó. C kọ̀ọ̀kan jẹ́ τ tí a pín sí R tirẹ̀. Ẹ ka kókó bíi mẹ́wàá lórí àwòrán, ẹ fi tábìlì ìṣirò kọ̀ǹpútà wá R àti τ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó bá a mu, ó parí.

Àléébù Foster ni pé àwọn oríkèé àárín rẹ̀ kì í ṣe ibi gidi kankan nínú transistor. Ẹ ò lè nàka sí ọ̀kan pé silicon nìyí, òmíràn pé bàbà nìyí. Èyí tó wá burú jù ni pé kapásítọ̀ rẹ̀ kò so mọ́ ilẹ̀, nítorí náà ooru tó bá wọlé níhìn-ín máa ń yọ sí òdìkejì lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá so heatsink mọ́ ìdí Foster, heatsink á gba ooru ní ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá tí transistor tàn, ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ láyé.

Cauer ló tọ̀nà fún ìyẹn. Kapásítọ̀ kọ̀ọ̀kan so mọ́ ilẹ̀, ìpele kọ̀ọ̀kan sì dúró fún nǹkan gidi: silicon, òjé tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, bàbà, ìpara, heatsink. Fáìlì tí mo kọ sókè yẹn, Cauer ni. Ẹ lè ṣírò C rẹ̀ fúnra yín: ègé silicon tó gùn ní 6 mm, tó fẹ̀ ní 5 mm, tó nípọn ní 0.3 mm, máa ń gba nǹkan bí 0.015 joule kó tó fi 1 °C gbóná.

Ìlànà tèmi rèé. Bí irin ẹ̀yìn transistor kò bá ní yí ìgbóná padà nínú ìdánwò yín, ẹ lo Foster. Bí heatsink bá ti wọ̀ ọ́, ẹ sọ ọ́ di Cauer kí ẹ tó so ó. Ẹ má kàn ko nọ́ńbà Foster sínú ètò Cauer o, nọ́ńbà wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìṣirò kan wà láàárín.

Ìdánwò mi ti ń lọ láti àárọ̀, kò tíì dé ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ni kí n ṣe?

Títàn àti pípa MOSFET ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìdá bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá lọ́nà ọgọ́rùn-ún tàbí bẹ́ẹ̀. Heatsink alumíníọ̀mù 200 g tó ní ìdènà 2 °C/W nílò nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà kó tó rin ìdá méjì nínú mẹ́ta ọ̀nà rẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà alágbèéká tó máa fi ìgbésẹ̀ ti àkọ́kọ́ rin ìrìn àjò ti ìkejì.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni pípín iṣẹ́ sí méjì. Ẹ mú ìgbóná kan ní ìfojúbù, ká ní 100 °C, ẹ fi dán ìyípo iná díẹ̀ wò, ẹ mú ìpíndọ́gba wáàtì. Nínú LTspice, ẹ di Ctrl mú kí ẹ tẹ orúkọ àwòrán náà, ó máa sọ ìpíndọ́gba fún yín. Ẹ gbé wáàtì yẹn fún apá ooru nìkan, tó máa ń yára. Ìgbóná tó bá jáde, ẹ gbé e padà fún apá iná. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, nọ́ńbà méjèèjì á bá ara wọn mu. Bí wọn kò bá bára mu láéláé, tí wọ́n kàn ń ga sí i, ẹ ti rí ìdáhùn yín: transistor náà máa jó.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ dín kapásítọ̀ heatsink kù, kí ẹ sọ 50 di 0.5. Ibi tí ìgbóná máa dúró sí kò ní yí padà, torí kapásítọ̀ kò ní ọwọ́ nínú ìyẹn. Ìrìn àjò lọ síbẹ̀ nìkan ló máa yá. Kapásítọ̀ silicon ni kí ẹ má fọwọ́ kàn. Nínú inverter 50 Hz, MOSFET kọ̀ọ̀kan lè tàn fún 10 ms kó sì sinmi fún 10 ms, silicon sì ń gbóná ń tutù pẹ̀lú rẹ̀. Òkè tó gùn dé nínú ìyípo yẹn ló ń pa á, kì í ṣe ìpíndọ́gba.

Ṣé kò sí èyí tí wọ́n ti ṣe tán?

Ó wà. Infineon àti Wolfspeed máa ń fi ẹsẹ̀ ooru, Tj àti ti irin ẹ̀yìn, kún àwọn model SPICE wọn kan. Ẹ so ti irin ẹ̀yìn mọ́ heatsink yín, ẹ má fi sílẹ̀ lófìfo. LTspice ní SOAtherm, tó ń ka ìgbóná ibi tó gbóná jù lórí MOSFET. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kì í dá ìgbóná padà fún apá iná, nítorí náà kò ní fi ìyípo tí mo ṣàlàyé yẹn hàn yín. Ngspice, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tí orísun rẹ̀ ṣí sílẹ̀, gba kí ẹ fi oríkèé ooru méjì kún VDMOS, model MOSFET rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ thermal. PLECS gba ọ̀nà míì: ó ka transistor sí súwíìṣì lásán, ó wá ń wo tábìlì ìpàdánù wáàtì, ìdí nìyẹn tó fi ń yára.

Amplifier ni mò ń ṣe. Ṣé ohun kan náà ni?

Rárá, ó léwu jù. Nígbà tí MOSFET bá ṣí tán, ibi tó gbóná lórí silicon máa ń ní resistance tó ga, kọ́rẹ́ǹtì á sì yà síbi tó tutù. Ìyẹn ń gbà á là. Ṣùgbọ́n bí gate bá ṣí díẹ̀ nìkan, ibi tó gbóná ni gate rẹ̀ á tètè ṣí jù, kọ́rẹ́ǹtì á rọ́ lọ síbẹ̀, ibẹ̀ á tún gbóná sí i. Ojú kan ṣoṣo lórí silicon á jó nígbà tí gbogbo ìyókù ṣì tutù. Wọ́n ń pe èyí ní Spirito effect. Ètò R àti C tó ní junction kan ṣoṣo kò lè rí i, torí ó gbà pé gbogbo ojú silicon ń gbóná bákan náà.

Nítorí náà, fún amplifier àti fún bátìrì tí ẹ ń fi MOSFET rọra tú iná rẹ̀, ẹ wo àwòrán SOA tó wà nínú datasheet, èyí tó ń fi ààlà fólítéèjì àti kọ́rẹ́ǹtì tí MOSFET lè fara dà hàn, kí ẹ rí i pé ìlà DC, ti iṣẹ́ àìdáwọ́dúró, wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ilé iṣẹ́ náà kò ṣe é fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá MOSFET míì.

Mo to mẹ́rin pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ṣé kí n kàn pín kọ́rẹ́ǹtì sí mẹ́rin?

Ẹ má pín in dọ́gba. Ẹ fún ọ̀kan ní RDS(on) tó kéré díẹ̀, ẹ fi èyí tó wà láàárín heatsink sí ìdènà ooru tó ga jù, ẹ wá wo ìgbóná tirẹ̀. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ pàdé ní oríkèé heatsink kan náà, kí ooru ọ̀kan lè dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Ìgbóná afẹ́fẹ́ wo ni kí n lò?

Ti inú àpótí, kì í ṣe ti ìta. Nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀, tí bátìrì ń gba iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ inverter, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 45 °C, mo sì tún máa ń dán an wò bí ẹni pé fáànù ti kú. Eruku máa ń dí heatsink lọ́wọ́ nígbà ọyẹ́. Ẹ fi kún ìdènà rẹ̀.

Transistor ọjà ńkọ́? Ṣé model mọ̀ pé ayédèrú ni?

Kò mọ̀. Model wà fún ojúlówó. Ayédèrú sábà máa ń ní silicon tó kéré nínú, nítorí náà RDS(on) rẹ̀ á ga, ìdènà ooru rẹ̀ náà á ga, kapásítọ̀ rẹ̀ á kéré: ohun mẹ́ta tó burú lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹ tó gbà á gbọ́, ẹ fún gate ní 10 V, ẹ jẹ́ kí 5 A gba drain kọjá fún ìgbà díẹ̀, ẹ wọn fólítéèjì láti drain sí source ní ìdí ẹsẹ̀ gan-an. Fún IRF3205 gidi tó tutù, kò yẹ kó ju 40 mV lọ. Bí ẹ bá rí 90 mV, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ìṣirò mi bá ohun tó wà lórí tábìlì mu?

Ẹ wọn ìgbóná irin ẹ̀yìn pẹ̀lú thermocouple, wáyà tó ń wọn ìgbóná, ẹ fi wé V(tc). Ẹ má fi ìbọn ìwọ̀n ìgbóná wo irin tó ń dán, torí á fi ooru nǹkan míì hàn yín. Ẹ lẹ téèpù dúdú mọ́ ọn kí ẹ tó wò ó.

Junction ò ṣeé fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n diode inú MOSFET lè ṣe thermometer fún wa. Bí kọ́rẹ́ǹtì kékeré kan tí kò yí padà, bíi 10 mA, bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, fólítéèjì rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 2 mV fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ gbé MOSFET náà sínú epo gbígbóná tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀, ẹ kọ fólítéèjì rẹ̀ sílẹ̀ ní 30, 60 àti 90 °C. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́, ẹ pa á lójijì, ẹ sì wọn diode náà kíákíá, torí silicon ń tutù láàárín mílísẹ́kọ́ńdì díẹ̀. Bí ìwọ̀n yín àti V(tj) bá fi ju dígírì mẹ́wàá lọ jìnnà síra wọn, Rcs ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: ìpara tó nípọn jù, tàbí ìdè tí kò fún dáadáa, ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó ń fà á.